Ìrìn-Àjò Tí Bámidélé Jí Lọ́wọ́ Ọ̀gá Rẹ̀

Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, ó ń jẹ, ó ń mu. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ́ fún ẹ̀yin òǹkàwé bó ṣe rí gan-an, kí a má fi oyin lá a. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bú òun lẹ́yìn tó bá kà á tán, kó bú òun dáadáa.

Bámidélé lorúkọ rẹ̀. Lọ́dún 1999, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàọ́lọ́jì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìsẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Mojísọ́lá, jẹ́ akọ̀wé ní káńsù Èmùré. Ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni Bàbá Fágbèmí, tó ku ọdún méjì péré kó fẹ̀yìn tì.

Bàbá Fágbèmí ló bá a wá iṣẹ́ náà. Ilé Bàbá ló gbé fún oṣù mẹ́jọ, tó ń jẹ iṣu Bàbá, kó tó rí yàrá gbà.

Ohun kan ni gbogbo ìlú mọ̀ mọ́ Bàbá: igbó ọba tó wà lẹ́yìn Ìsẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, á wọ bàtà òjò rẹ̀, á mú nótúbúùkù, á wọ igbó lọ ka ìtẹ́ àwọn ìnàkí. Ọdún méjìlélógún ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé ń pè é ní Tíṣà Onínàkí, òun náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Bámidélé bá a lọ. Lẹ́ẹ̀kíní, ìjàlọ bò ó lẹ́sẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹnu ọ̀nà igbó ló jókòó sí títí Bàbá fi jáde.

Bámidélé ló máa ń lọ kó lẹ́tà iléèwé ní pósítófíìsì. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdé kan, ó bá àpòòwé gígùn kan nínú wọn, sítáǹbù òkèèrè lára rẹ̀, orúkọ Bàbá Fágbèmí lójú rẹ̀. Ó ní òun kàn fẹ́ yọjú wò ó ni. Abẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló ti já a.

Ẹgbẹ́ kan tó ń dáàbò bo ẹranko igbó ló kọ ọ́. Wọ́n ti rí lẹ́tà tí Bàbá kọ sí wọn nípa ìnàkí Ìsẹ̀, wọ́n sì ń pè é wá lo ọjọ́ méjìlá ní erékùṣù kékeré kan láàárín òkun, níbi tí àwọn Potogí ti jọba rí. Àwọn ni yóò sanwó bàálù. Á rí etíkun tí ìjàpá òkun ń yé sí. Á rìn lójú ọ̀nà tí wọ́n là sínú igbó orí òkè. Á rí bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń ṣọ́ ẹranko wọn. Lẹ́yìn náà, àlejò kọ̀ọ̀kan á sọ ti igbó ìlú tirẹ̀, ẹgbẹ́ náà á sì yan igbó kan ṣoṣo tí wọn óò ràn lọ́wọ́ lọ́dún náà.

Gbólóhùn kan wà nísàlẹ̀: bí ara Bàbá kò bá le tó, kí ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ wá dípò rẹ̀.

Gbólóhùn yẹn ló pa Bámidélé.

Kò tíì kọjá Èkó rí láyé rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ jáde ìwé ti ń fi fọ́tò ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ká a, ó fi sápò ṣòkòtò.

"Wọ́n mú ẹ? Ìwọ Bámidélé?" Mojísọ́lá fò mọ́ ọn lọ́rùn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó béèrè pé, "Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá ló ní kí n lọ. Eékún ń dùn wọ́n."

"Ọlọ́run á bá mi kẹ́ bàbá yẹn."

"Ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni o. O mọ bí ayé ṣe rí."

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?"

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Fágbèmí pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì àwọn olùkọ́.

"Bámidélé, kò sí lẹ́tà kankan fún mi?"

"Kò sí, sà."

"Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí mo ti ń retí èsì kan."

"Pósítófíìsì wa yìí náà ni, sà."

Bàbá mi orí, ó wọ kíláàsì lọ. Bámidélé dúró síbẹ̀, ó ń retí kí àyà òun já. Kò já. Ó ní ńṣe ló dà bí ìgbà tí dókítà eléyín bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́ sí èrìgì: o mọ̀ pé ẹnu rẹ ni, ṣùgbọ́n o kò mọ̀ ọ́n lára. Kò mọ̀ nígbà náà pé abẹ́rẹ́ ọ̀hún kò ní tètè ṣíwọ́.

Ó kọ èsì, ó ní ara Bàbá kò yá. Ó fọwọ́ Bàbá sí i. Ó ti ń rí ọwọ́ yẹn lórí káàdì ìdánwò àwọn ọmọ láti ọdún pípẹ́, kò ṣòroó kọ.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó sọ ní iléèwé pé wọ́n pe òun lọ máàkì ìdánwò ní Èkó.

"Ta ló máa bá ọ kọ́ àwọn kíláàsì rẹ?" Bàbá bi í.

"Mi ò tíì mọ̀, sà."

"Èmi á kọ́ wọn. Máa lọ jàre. Ọlọ́run á mú ọ lọ, á mú ọ bọ̀."

Bámidélé ṣe àmín.

Nígbà tí bàálù balẹ̀ ní erékùṣù náà, igi kòkó ló kọ́kọ́ rí. Kòkó lọ́tùn-ún, kòkó lósì, àfi bí ìgbà tí èèyàn bá ń ti Ìsẹ̀ bọ̀ ní Èmùré. Lẹ́yìn kòkó ni òkè, lẹ́yìn òkè ni òkun. Wọ́n kó àwọn àlejò sí àwọn ilé onípákó kéékèèké lẹ́bàá etíkun. Ará Kamẹrúùnù wà níbẹ̀, ará Gàbọ́ọ̀nù wà níbẹ̀, ará Gánà náà wà.

Obìnrin kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Ìbàdàn ló ṣáájú wọn, Dókítà Dáraọlá. Bó ṣe rí Bámidélé, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wò.

"Bàbá Fágbèmí ńkọ́? Mi ò gbàgbọ́ pé wọn ò ní lè wá. Mo ti ka lẹ́tà wọn yẹn tó ìgbà mẹ́wàá."

"Ara wọn ò yá, mà."

"Kí ló ń ṣe wọ́n gan-an?"

Bámidélé kò múra ìyẹn sílẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ló sọ. "Rọpárọsẹ̀ ni, mà. Wọn ò lè dìde mọ́."

Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó di àṣálẹ́, ó ti sọ fún gbogbo wọn. Wọ́n ra káàdì kan, wọ́n ń gbé e kiri, kálukú ń kọ àdúrà sínú rẹ̀ lédè tirẹ̀. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Bámidélé náà. Ó gba bírò, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Ẹ tètè gbádùn o, Bàbá.*

Láti ọjọ́ kejì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ń gun òkè lójú ọ̀nà tí wọ́n là sínú igbó, Dáraọlá á rọra súnmọ́ ọn. "Ní Ìsẹ̀, irú igi wo ni wọ́n fẹ́ràn láti tẹ́ ìtẹ́ sí? Nígbà òjò ńkọ́?" Bámidélé á ní ẹ̀fọ́rí ń ṣe òun. Lọ́jọ́ kẹta, kò bá wọn dé ìdajì ọ̀nà tó fi padà. Lọ́jọ́ kẹrin, kò jáde rárá.

Ó ń gbọ́ odídẹrẹ́ lókè ilé. Ó ń gbọ́ òkun. Ó dùbúlẹ̀, ó ń ka pákó àjà yàrá. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, wọ́n kan ilẹ̀kùn rẹ̀ gbàgbàgbà.

"Ẹ jáde! Ìjàpá òkun ti gòkè! Ó ń gbẹ́ kòtò lọ́wọ́!"

Ó mọ̀ pé bó bá jáde, wọn óò jọ jókòó lórí iyanrìn fún wákàtí méjì, Dáraọlá á sì tún béèrè Bàbá. Ó kọjú sógiri. Ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ wọn ń sáré lọ sápá omi.

Lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n pe kálukú kó wá sọ ti igbó tirẹ̀. Ará Kamẹrúùnù sọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan, ó fi àwòrán hàn, ó da omijé lójú. Nígbà tó kan Bámidélé, kò sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ.

"Ìtẹ́ mélòó lẹ kà lọ́dún yìí?" Dáraọlá bi í. Ó ti ṣí ìwé sílẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Bámidélé rò ó. Bó bá dá iye kan, wọn óò béèrè ibi tó ti rí wọn, orí igi wo, oṣù wo, ta ni wọ́n jọ wà. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀.

"Kò sí mọ́," ó ní.

"Kí ni kò sí mọ́?"

"Ìnàkí, mà. Wọ́n ti tán. Àwọn agégẹdú ti lé wọn lọ."

Dáraọlá pa ìwé rẹ̀ dé díẹ̀díẹ̀. "Áà," ó ní. "Abájọ tí Bàbá fi ṣubú."

Bámidélé padà sáàyè rẹ̀, ó mu omi àgbọn. Kò dùn, kò korò. Igbó Kamẹrúùnù ni wọ́n yàn.

Nígbà tó padà dé Ìsẹ̀, Bàbá Fágbèmí kí i káàbọ̀, ó bi í bóyá àwọn ọmọ ṣe dáadáa nínú ìdánwò tó lọ máàkì. Ó ní wọ́n gbìyànjú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Ó ti ń rò pé ó ti parí.

Lọ́jọ́ Fúráìdé kan, lẹ́yìn ìsinmi ọ̀sán, jíìpù funfun kan wọ ọgbà iléèwé. Dáraọlá sọ̀ kalẹ̀, ó gbé náílọ́ọ̀nù ọsàn lọ́wọ́ kan, ó mú káàdì yẹn lọ́wọ́ kejì. Ó ní Bìní lòun ń lọ, òun ní kí òun yà kí aláìsàn. Pírínsípà wà ní Adó lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ ló sáré lọ pe Bámidélé.

"Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi délé Bàbá."

"Ha, mà, wọn ò sí nílé. Wọ́n ti gbé wọn lọ sọ́sípítù ní Adó."

"Ọsípítù wo? Màá gba Adó padà."

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, mà. Wọn ò jẹ́ kéèyàn wọlé tọ̀ wọ́n. Wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́."

Ibi tó sọ ọ́ dé nìyẹn tí aago lù, tí ilẹ̀kùn kíláàsì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣí, tí Bàbá Fágbèmí jáde síta, ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́ rẹ̀, ẹfun lára ṣòkòtò rẹ̀.

"Bámidélé, o ní àlejò ni? Ẹ káàbọ̀ o, ọmọ mi. Ṣé kò sẹ́ni tó fún yín ní àga ni?"

Dáraọlá kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bàbá Fágbèmí ni mo wá kí, ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọ lù."

"Fágbèmí wo? Èmi nìkan ni Fágbèmí tó wà ní iléèwé yìí."

"Ẹ̀yin?"

"Rọpárọsẹ̀ kẹ̀! Ta ló rán rọpárọsẹ̀ sí mi? Sátidé tó kọjá yìí mo wà nínú ugbó látàárọ̀ dìrọ̀lẹ́."

"Ugbó... igbó wo, sà?"

"Ti àwọn ìnàkí. Ìtẹ́ tuntun mọ́kànlá ni mo kà. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó pọn ọmọ."

Dáraọlá di ilẹ̀kùn jíìpù mú. Ó wo Bámidélé. Kò sọ ju orúkọ rẹ̀ lọ. "Ọ̀gbẹ́ni Bámidélé."

Bàbá na ọwọ́, ó gba káàdì náà. Ó yọ awò ojú rẹ̀ lápò, ó fi í sójú, ó sì kà á sókè bí ẹni ń ka ìwé fún kíláàsì: àdúrà ará Gánà, ti ará Gàbọ́ọ̀nù tí ẹnì kan ti bá a túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tún rìn, pé àyè rẹ̀ ṣófo láàárín àwọn ní erékùṣù. Ó kà á dé ibi tí wọ́n ti kọ Yorùbá. Ó dá ọwọ́ ìkọ̀wé náà mọ̀.

"*Ẹ tètè gbádùn o, Bàbá,*" ó kà á.

Ó ká awò ojú rẹ̀ padà.

"Èsì tí mo ń retí nìyẹn," ó ní. "Ó dé, àbí?"

Àwọn ọmọ ti kún ojú fèrèsé. Bámidélé ń wo eruku pupa tó wà lórí bàtà rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun dọ̀bálẹ̀. Ó ń sọ fún ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́.

Dáraọlá ló sọ ìyókù fún Bàbá, gbogbo rẹ̀, tó fi dórí "wọ́n ti tán". Ìyẹn nìkan ni Bàbá ní kó tún sọ lẹ́ẹ̀kejì.

"Ó ní wọ́n ti tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá wo oòrùn. "Ilẹ̀ ò ní í tíì ṣú. Ẹ jẹ́ n fi wọ́n hàn yín."

Àwọn méjèèjì wọ jíìpù lọ. Wọn ò pe Bámidélé. Àwọn tó rí wọn nígbà tí wọ́n jáde nínú igbó ní obìnrin náà fi orí lé sítíárìn ọkọ̀, ó ń sunkún. Ìrànlọ́wọ́ ọdún náà ti lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ náà kò tún yan igbó kankan, wọ́n ní agbára àwọn ò gbé e mọ́. Kí òjò ọdún náà tó parí, àwọn ọmọ iléèwé ti ń gbọ́ ẹ̀rọ àwọn agégẹdú látinú kíláàsì. Bàbá á dúró díẹ̀ nínú ẹ̀kọ́, á gbọ́ ọ, á tún máa bá iṣẹ́ lọ.

Ọlọ́kadà tó gbé Mojísọ́lá wálé láti Èmùré nírọ̀lẹ́ Fúráìdé yẹn ló kọ́kọ́ ròyìn fún un.

"Bàbá ló ní kó o lọ, àbí?" ó bi ọkọ rẹ̀ lórí ìdúró, kò tíì gbé báàgì sílẹ̀. "Eékún ń dùn wọ́n, àbí?"

Bámidélé ń tú okùn bàtà rẹ̀.

"Mo gbàdúrà fún eékún bàbá yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì! Mo bá ẹ pa àṣírí mọ́, mo rò pé àwọn ọ̀tá ni mò ń pa á mọ́ fún. Bámidélé, sọ̀rọ̀! Kódà kó o bú mi, sọ̀rọ̀!"

Bámidélé bọ́ bàtà kejì. Mojísọ́lá lọ gbé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Èmùré fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tó padà, ó padà. Ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́ kò bá a padà.

Wọ́n gbé Bámidélé kúrò níbẹ̀ lọ sí iléèwé kan ní Ìkẹ́rẹ́. Kó tó lọ, ó mú àgbà lọ bẹ Bàbá lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá gbà wọ́n lálejò, ó fún wọn lómi, ó ní òun ti gbọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, òun nìkan ló lọ, lọ́sàn-án. Ó bá Bàbá lẹ́yìnkùlé, ó ń fọwọ́ yí kòkó tó sá sórí ẹní padà.

Bámidélé dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde," Bàbá ní. "Mo ti foríjì ọ́. Inú ulé mi lo ti jẹun, mi ò lè gégùn-ún fún ọ. Fa àpótí yẹn, jókòó."

Ó jókòó.

"Wá sọ fún mi."

"Kí ni kí n sọ, sà?"

"Erékùṣù náà. Báwo ló ṣe rí?"

Bámidélé wá ọ̀rọ̀. "Iyanrìn wà níbẹ̀, sà."

"Irú iyanrìn wo?"

"Ó... ó funfun, sà."

"Ìjàpá òkun ńkọ́? Mo kà á nínú ìwé pé bó bá ń yé, omi máa ń dà lójú rẹ̀ bíi pé ó ń sunkún. Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Mi ò rí i, sà."

"Kò wá?"

"Ó wá, sà. Mi ò jáde."

Bàbá dáwọ́ dúró nínú kòkó. "Ọ̀nà orí òkè tí wọ́n là ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe là á tí òjò kò fi wọ́ ọ lọ?"

"Mi ò rìn ín dé òpin, sà."

"Ọjọ́ méjìlá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí lo wá ń ṣe?"

"Mo ń sùn, sà."

Bàbá wò ó pẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Bámidélé rí i tí ojú bàbá náà pọ́n látìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ́.

"Pé o jí i lọ, mo ti gbé ìyẹn mì," ó ní. "Ṣùgbọ́n kí èèyàn dé'bẹ̀, Bámidélé, kó má wò ó! Ó yẹ kó o wò ó fún mi."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí kòkó padà. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó ní kó máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bámidélé délé, ó jẹun, ó di ẹrù. Kò sunkún. Ó ní òun ti ń retí ẹkún náà látìgbà yẹn, lọ́jọ́ tí wọ́n sin Bàbá pàápàá òun dúró lẹ́bàá sàréè, òun ń retí rẹ̀, kò wá. Ohun tó ní kí a sọ fún yín ni pé kì í ṣe ìtìjú ló le jù. Ìtìjú máa ń lọ. Ẹni tó bá gba ipò ẹlòmíràn á wá mọ̀ pé ipò náà kò ní ojú tí òun lè fi ríran.

Ìkẹ́rẹ́ ló ṣì wà, bàọ́lọ́jì ló ṣì ń kọ́. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá dé orí ẹ̀kọ́ ẹranko afàyàfà, á ya ìjàpá òkun sára pátákó, á kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè.

"Sà, ẹ̀yin ti rí i rí?"

"Rárá," Bámidélé ní. "Mi ò rí i rí."

Ó sì yíjú padà sí pátákó.